Síkúrù tó há lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn Ìjàpá, àti ìdí tí iná kò fi gbọdọ̀ dé ibẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ṣì ń wa Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá ló máa ń ṣàròyé pé gíà ọkọ̀ náà ń dà wọ́n láàmú: ọwọ́ gíà ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, gíà kejì ń já fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gun òkè, rìfáàsì kì í sì í wọlé títí awakọ̀ yóò fi wá a tì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n máa ń gbọ́ níbi iṣẹ́ mẹkáníìkì ni pé gíàbọ́ọ̀sì ti bàjẹ́, kí wọ́n lọ wá tòkunbọ̀ rà. Ó máa ń dùn mí láti rí i tí ènìyàn ń náwó ńlá sórí gíàbọ́ọ̀sì tí kò ní ẹ̀bi kankan, nígbà tó jẹ́ pé ìsopọ̀ kékeré kan lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ló ti jẹ. Ohun tó sì ń mú kí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa sá fún ìsopọ̀ náà ni pé síkúrù tó dè é máa ń há. Ó máa ń dípẹtà títí a kò fi ní mọ ibi tí síkúrù parí sí àti ibi tí ìsopọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń tú síkúrù yìí láìba nǹkan mìíràn jẹ́, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, láìtan iná sí i, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí irin kọ̀ọ̀kan gbà kọjá kò lè mọ èyí tó yẹ kí òun ṣọ́ra fún, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀nà gíà Ìjàpá ṣe rí. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì àti gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ wà, iwájú sì ni awakọ̀ jókòó sí. Irin gígùn kan, tí n ó máa pè ní ọ̀pá gíà, ló ń gbé ohun tí ọwọ́ awakọ̀ bá ṣe láti ìdí ọwọ́ gíà lọ sẹ́yìn. Ọ̀pá yìí gba inú ihò àárín ọkọ̀, ìyẹn irin oníhò tó yọ sókè ní ilẹ̀ ọkọ̀ láàárín ìjókòó méjèèjì, tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tó sì dà bí eegun ẹ̀yìn fún gbogbo ṣáàsí náà. Lápá iwájú, inú búṣì ike kékeré kan ni ọ̀pá gíà ti ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Lápá ẹ̀yìn, ìsopọ̀ tí mo ń sọ yìí ló so ó mọ́ ọ̀pá kúkúrú tó yọ láti imú gíàbọ́ọ̀sì. Wọ́n fi rọ́bà tàbí ike sínú ìsopọ̀ náà kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì má baà dé ọwọ́ awakọ̀. Bí rọ́bà náà bá gbẹ, tó fọ́, tó sì dà nù, irin á máa lu irin, ààyè á ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, ọ̀pá iwájú á sì ti rìn díẹ̀ kí ọ̀pá ẹ̀yìn tó mọ̀ pé wọ́n pe òun.

Èyí náà ló jẹ́ kí àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ẹ ó rí àwo irin kékeré kan tí wọ́n fi síkúrù dè mọ́ orí ihò àárín ọkọ̀, lápá ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ tú u, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, kí ẹnì kan sì jókòó síwájú kó máa mi ọwọ́ gíà láìtan ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀pá gíà ń rìn, tí ọ̀pá gíàbọ́ọ̀sì sì dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e, ìsopọ̀ ti jẹ. Bí àwọn méjèèjì bá ń rìn pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ gíà ṣì ń mì tó sì ń dún wọnranwọnran, búṣì iwájú ni kí ẹ fura sí. Ẹ má ṣe gbàgbé láti wo rọ́bà tó gbé imú gíàbọ́ọ̀sì dúró pẹ̀lú, nítorí bí ìyẹn bá ti já, gbogbo gíàbọ́ọ̀sì ni yóò máa sún síwájú sẹ́yìn, gíà yóò sì máa já bákan náà. Àyẹ̀wò yìí kò náni lówó, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe é kó tó gbà pé gíàbọ́ọ̀sì òun ti kú.

Ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ní 1975, Ìjàpá sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Ní Wolfsburg ní Jámánì, wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe é láti 1974. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Fusca, wọ́n dá a dúró ní 1986, wọ́n padà sí i ní 1993, wọ́n sì tún dá a dúró ní 1996. Ní Mẹ́síkò ni èyí tó kẹ́yìn gbogbo wọn ti jáde ní oṣù keje ọdún 2003. Ìdí tí mo fi ka àwọn ọdún wọ̀nyí ni pé síkúrù tó wà nínú Ìjàpá tí ẹ rí lójú pópó lónìí lè ti wà nínú ihò rẹ̀ fún ogójì ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àǹfààní ńlá tún wà níbẹ̀: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ kò lè ṣòro láti rí ẹ̀yà ara rà fún. Ẹni tó bá mọ ojú ọjà ní Àráròmí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ ní Èkó, lè béèrè ìsopọ̀ gíà Ìjàpá àti búṣì rẹ̀. Kí ó ṣáà mú ti àtijọ́ dání, nítorí èyí tó wà lára àwọn ọkọ̀ ṣáájú 1965 yàtọ̀ sí ti àwọn tó tẹ̀ lé e.

Síkúrù tí à ń sọ yìí kò tóbi. Orí rẹ̀ kì í ṣe onígun mẹ́fà bíi ti bóòtù tí ojú wa mọ̀. Onígun mẹ́rin ni, ẹnu rẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Ṣóńṣó yìí ló ń wọ inú kòtò kékeré kan lára ọ̀pá gíàbọ́ọ̀sì, kí ìsopọ̀ má baà yí tàbí kó yọ̀ kúrò lórí ọ̀pá náà. Wáyà kan tún gba orí rẹ̀ kọjá, tí wọ́n wé mọ́ ìsopọ̀ kí gbígbọ̀n ọkọ̀ má baà tú u díẹ̀díẹ̀. Omi òjò tó ń gba etí rọ́bà gíláàsì àti ilẹ̀kùn wọlé, tó ń dúró sábẹ́ ìjókòó, ni olórí ohun tó ń mú kó há. Oru ásíìdì bátìrì náà ń dá kún un, nítorí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kan náà ni bátìrì Ìjàpá wà, lọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, mẹkáníìkì kan ti fún un jù nígbà kan rí, ẹnu ṣóńṣó náà ti fẹ̀ sínú kòtò, etí kòtò náà sì ti wú sókè. Irú èyí lè tú lójú síkúrù, kí ìsopọ̀ sì tún kọ̀ láti yọ̀ kúrò lórí ọ̀pá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, bí síkúrù bá ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò ní kí wọ́n lọ pe wẹ́dà kó wá fi iná gáàsì sí i. Irin tó bá gbóná máa ń fẹ̀, ìpẹtà tó so ó mọ́ra á sì já. Òótọ́ ni, mo sì ti rí i tó ṣiṣẹ́ dáadáa lára bóòtù sàlẹ́ńsà àti lára àwọn irin mìíràn tó wà ní gbangba lábẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ihò àárín Ìjàpá, mo lòdì sí i pátápátá, n kò sì rí ipò kankan tó lè mú mi yí ọkàn padà. Iwájú ni táńkì epo Ìjàpá wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà, inú ihò kan náà yìí sì ni páìpù tó ń gbé epo láti iwájú lọ sẹ́yìn gbà kọjá. Irin tín-ín-rín ni páìpù náà, ó sì ti pẹ́ tó bí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti pẹ́ tó. Rọ́bà ló so ó ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ọ̀pọ̀ irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ló sì ti sán láìjẹ́ pé olówó ọkọ̀ mọ̀. Oru epo pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí páìpù bá ń jò díẹ̀, oru náà kì í fò lọ. Inú ihò náà ni yóò jókòó sí, ní ibi tí ojú kò tó. Bátìrì tó wà nítòsí náà máa ń tú háídírójìn jáde nígbà tó bá ń gba iná, gáàsì yìí sì ń gbiná wéré. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì, wáyà ẹsẹ̀ epo àti wáyà bíréèkì ọwọ́ náà gba inú ihò yìí kọjá. Ẹni tó bá tan iná sínú irú ihò bẹ́ẹ̀ ń fi ọkọ̀ àti ẹ̀mí tó wà nítòsí rẹ̀ dógò nítorí síkúrù kan.

Ohun tí mo sọ nípa iná gáàsì kan gíráíńdà náà, nítorí ẹ̀ta iná tó ń tú jáde lára rẹ̀ kò yàtọ̀. Ó tún kan dírílù oníná mọ̀nàmọ́ná, nítorí iná kéékèèké máa ń ta nínú mọ́tọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka èyí sí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ tẹ orí ba ihò náà kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí epo bá ń rùn, iṣẹ́ gíà ti dúró nìyẹn. Páìpù epo ló kàn láti tún ṣe. Bí kò bá rùn, ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ ti ilẹ̀ kúrò, ìyẹn ọ̀kan tí wáyà rẹ̀ lọ sára ọkọ̀, kí sípánà má baà ta iná bó bá ṣèèṣì kan orí kejì. Ó sàn kí ẹ gbé bátìrì náà kúrò pátápátá, nítorí ààyè tí ẹ ó rí láti fi ṣiṣẹ́ á pọ̀ sí i.

Ibi tí síkúrù náà bá dúró sí nínú ihò ṣe pàtàkì. Ẹnu ihò náà kò fẹ̀, bí síkúrù bá sì wà lábẹ́ etí irin, sípánà kò ní rí i mú dáadáa. Ọwọ́ gíà ń yí lórí ìdí rẹ̀: bí ẹ bá tì í síwájú, ẹ̀yìn ni ọ̀pá inú ihò ń lọ, bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, iwájú ni ọ̀pá náà ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ dán gíà kìíní àti gíà kejì wò, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ sínú èyí tó bá gbé síkúrù wá sáàárín ẹnu ihò. Lẹ́yìn èyí, ẹ ki àkísà sábẹ́ ìsopọ̀ náà, kí ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ síta dáadáa. Ohun tó bá já bọ́ sínú ihò yìí ṣòro láti rí mọ́, síkúrù kékeré tó bá sì ń yí kiri nínú ibẹ̀ lè lọ há sí ìdí wáyà kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹ gé wáyà tó wà lórí síkúrù, kí ẹ sì fà á yọ pátápátá, títí kan èyí tó ṣẹ́ kù sínú ihò orí síkúrù náà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ orí síkúrù àti ìdí rẹ̀ títí irin yóò fi hàn, nítorí epo kò lè wọ ibi tí ìdọ̀tí bá ti dí. Epo tí wọ́n ṣe fún títú irin tó há ló dára jù, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo tó ń fọ́n. Àwọn àgbà mẹkáníìkì máa ń pa epo gíà aládàáṣe pọ̀ mọ́ asẹ́tóònù, ó sì ń wọlé gan-an, ṣùgbọ́n asẹ́tóònù náà ń gbiná kíákíá, n kò sì fẹ́ ẹ nínú ihò yìí. Fún èmi, díẹ̀ ni kí ẹ máa fi, léraléra. Ẹ fi sí i ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi òòlù kékeré kàn án pẹ́pẹ́, kí ẹ tún fi sí i kí ẹ tó sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà tó fi ọdún gbọọrọ dì pọ̀ kò ní tú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹni tó bá sì fún epo ní òru kan tàbí méjì yóò rí i pé ìdajì iṣẹ́ ti parí kí òun tó mú sípánà.

Mo ní kí ẹ fi òòlù kàn án, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe ń kàn án. Ọ̀pá tí ìsopọ̀ wà lórí rẹ̀ lọ tààrà sínú gíàbọ́ọ̀sì, ó sì di àwọn irin tó ń yan gíà mú níbẹ̀. Bí ẹ bá lu síkúrù láìsí ohun tó gbè é nísàlẹ̀, inú gíàbọ́ọ̀sì ni gbogbo ìlù náà yóò lọ. Ẹ wá irin tó wúwo, tó sì kéré tó láti wọ ihò, kí ẹ fi í ti ìsàlẹ̀ ìsopọ̀ náà gírígírí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹnu pọ́ńṣì pẹlẹbẹ lé àárín orí síkúrù, kí ẹ fi òòlù kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àgbàlagbà. Gbígbọ̀n yẹn ló ń fọ́ ìpẹtà tó wà láàárín eyín síkúrù àti eyín ihò rẹ̀, tí epo yóò fi ráyè wọlé. Kò sí ìdí láti lù ú kíkankíkan.

Sípánà ni ọ̀pọ̀ síkúrù ti máa ń bàjẹ́. Orí onígun mẹ́rin kò fẹ́ sípánà olórùka onígun méjìlá, nítorí etí díẹ̀ ni yóò fi mú un. Ẹ̀mú sì burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ṣe ni yóò máa bó igun síkúrù náà títí yóò fi di róbótó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́jọ tí wọ́n ṣe fún orí onígun mẹ́rin ló tọ́. Bí kò bá sí, sípánà ẹlẹ́nu lílà tuntun, tí ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀, tó sì bá orí síkúrù mu pẹ́kípẹ́kí láìmì, lè ṣiṣẹ́. Kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti fún un díẹ̀, kì í ṣe láti tú u. Ó máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí síkúrù bá lè sún bíńtín sí apá ibi tó ti há, ìpẹtà ti já nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó má ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá tú u díẹ̀. Bó bá ti le, ẹ dá a padà, ẹ fún un lépo, ẹ tún tú u díẹ̀ sí i. Lọ síwájú, padà sẹ́yìn, ni títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n nítorí agbára tí ẹ ń lò, ẹ dúró. Epo ni ó ṣì ń fẹ́.

Bí ẹnì kan bá ti bó igun rẹ̀ ṣáájú yín, ẹ fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọ ara wọn títí sípánà tó kéré díẹ̀ yóò fi wọ̀ ọ́ pẹ́kípẹ́kí. Ẹ̀mú alátìpa, tó ń ti ara rẹ̀ pa, tún lè mú irú orí tí a ti fi fáìlì rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kó ìyẹ̀fun irin rẹ̀.

Bí orí rẹ̀ bá wá ṣẹ́ ńkọ́? Ohun tó yẹ kí ẹ rò nígbà yẹn ni irin tó ṣeé sọ nù àti irin tí kò ṣeé sọ nù. Ìsopọ̀ náà ṣeé sọ nù. Tuntun ni ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síkúrù ṣeé sọ nù. Ṣùgbọ́n ọ̀pá gíàbọ́ọ̀sì kò ṣeé sọ nù, nítorí kí a tó lè pààrọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ jáde, gíàbọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jáde, a sì gbọ́dọ̀ tú imú gíàbọ́ọ̀sì náà. Nítorí ìdí yìí, èmi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dírílù wá síkúrù tó ṣẹ́ kiri, níbi tí ọwọ́ kò ti ráyè, kó wá lu ọ̀pá náà ní ihò mìíràn. Ìsopọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gé. Ẹ mú ọbẹ ayùn irin, láìfi í sínú igi ayùn, kí ẹ fi àkísà we ìdajì rẹ̀ kí ọwọ́ yín lè dì í mú, kí ẹ máa rẹ́ irin ìsopọ̀ tó yí ọ̀pá ká ní gígùn, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí síkúrù wà. Ẹ máa fi epo sí i bí ẹ ti ń rẹ́ ẹ, kí ẹ sì máa wo bó ṣe ń jinlẹ̀ tó. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kan ọ̀pá, ẹ dúró, kí ẹ fi ẹnu irin pẹlẹbẹ ya ojú ibi tí ẹ gé náà. Á là, yóò sì tú ọ̀pá sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń rẹ ọwọ́ ni, ó sì lè gba ọ̀sán gbáko, ṣùgbọ́n kò sí iná níbẹ̀, ọ̀pá gíàbọ́ọ̀sì á sì wà láìlálébù.

Bí síkúrù bá jáde ní pípé, ìsopọ̀ lè ṣì kọ̀ láti kúrò lórí ọ̀pá. Ẹ fi epo sí i, kí ẹ sì gbìyànjú láti yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí ọ̀pá kí ẹ tó fà á. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó wà níwájú fa ọwọ́ gíà sẹ́yìn pẹ̀lẹ́. Ọ̀pá gíà yóò fà síwájú, yóò sì gbé ìsopọ̀ lọ́wọ́. Mo ti rí ẹni tó fi irin gígùn ti ẹ̀gbẹ́ ihò láti fi tì í sọ́hùn-ún, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí irin náà yóò fẹ̀yìn tì lè jẹ́ páìpù epo. Nígbà tí ìsopọ̀ bá ti kúrò, ẹ fi ìka pa orí ọ̀pá náà yíká. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí etí kòtò rẹ̀ bá wú sókè. Ẹ fi fáìlì rẹ́ ibi tó wú náà nìkan títí yóò fi tẹ́jú, kí èyí tuntun lè wọlé láìjà.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà ti ṣí, ó yẹ kí ẹ wo búṣì iwájú, nítorí èyí tí ìsopọ̀ rẹ̀ bá ti jẹ, búṣì rẹ̀ kì í sábà dára. Ẹ tú bóòtù méjì tó wà nídìí ọwọ́ gíà, tí sípánà nọ́ńbà 13 ń tú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwo irin pẹlẹbẹ kan tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣèèṣì bọ́ sí rìfáàsì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i bó ṣe dojú kọ kí ẹ tó yọ ọ́, nítorí bí ẹ bá dá a padà sódì, gíà kò ní wọlé bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú ìsopọ̀ kúrò lára ọ̀pá gíà náà, ẹ lè fa ọ̀pá náà síwájú díẹ̀díẹ̀ nípasẹ̀ ihò ọwọ́ gíà, yóò sì gba ẹnu ihò kékeré tó wà ní imú ṣáàsí jáde, ibi tí wọ́n fi àwo irin dí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó rí i pé búṣì àtijọ́ ti di wẹ́wẹ́. Ẹ ṣa gbogbo rẹ̀. Ẹ ti tuntun bọ inú ibùjókòó rẹ̀ pẹ̀lú òrùka wáyà tó yí i ká, ẹ fi gíríìsì kun inú rẹ̀ àti ara ọ̀pá dáadáa, kí ẹnì kan sì máa fi ìka darí ọ̀pá nínú ihò ọwọ́ gíà bí ẹ ti ń tì í padà, kó má baà gbá búṣì tuntun jáde kúrò ní àyè rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dá ìsopọ̀ padà, kí ọwọ́ yín fúnra rẹ̀, láìsí sípánà, kọ́kọ́ yí síkúrù náà wọlé, kí ẹ sì máa mi ìsopọ̀ díẹ̀ títí ṣóńṣó náà yóò fi bọ́ sínú kòtò rẹ̀. Ẹ ó mọ̀ nígbà tó bá bọ́ síbẹ̀, nítorí ìsopọ̀ kò ní lè yí mọ́. Bí ẹ bá fún un kó tó bọ́ sínú kòtò, yóò dà bíi pé ó ti le, ṣùgbọ́n láìpẹ́ ọjọ́ yóò yọ̀, ẹ ó sì wà lójú ọ̀nà láìní gíà kankan. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí eyín síkúrù kí ẹni tí yóò tú u lọ́jọ́ iwájú má baà jìyà. Wáyà tuntun ni kí ẹ fi dè é, kí ẹ sì wé e lọ́nà tí yóò fi máa fa síkúrù sí apá ibi tó ń le sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ dán gbogbo gíà wò lórí ìdúró, àti rìfáàsì, tí kò gbọ́dọ̀ wọlé àfi bí ẹ bá tẹ ọwọ́ gíà mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fà á sósì àti sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá le ju ìyókù lọ, ẹ tú bóòtù méjì ìdí ọwọ́ gíà díẹ̀, ẹ sún àwo irin pẹlẹbẹ yẹn bíńtín, kí ẹ tún dán an wò.

Ẹ dá àwo irin ẹnu ihò padà pẹ̀lú fóòmù tàbí rọ́bà lábẹ́ rẹ̀ kí omi má baà tún wọlé. Bí ẹ bá gbé bátìrì padà sáyè rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìdérí rẹ̀ wà níbẹ̀. Irin kọ́íkọ́í wà nínú ìjókòó ẹ̀yìn Ìjàpá, bí ẹni tó sanra bá sì jókòó lé e, irin náà lè tẹ̀ sílẹ̀ kan orí bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìjókòó á sì gbiná. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ìdérí yìí ti sọ nù lára wọn. Rọ́bà táyà inú tó nípọn, tí ẹ gé kó bo gbogbo orí bátìrì náà tí ẹ sì so mọ́ ọn kó má lè yẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí ẹ ó fi rí ojúlówó rà.